Bí a ṣe ń múra ilé adìẹ onítáyà sílẹ̀ de ọ̀gìnnìtìn

Ilé adìẹ onítáyà, èyí tí a ń tì láti orí koríko kan bọ́ sórí òmíràn, ìgbà ooru la kàn án fún. Pákó rẹ̀ fúyẹ́ kí ó lè ṣeé tì. Ó ga kúrò nílẹ̀, nígbà mìíràn wáyà lásán la fi ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ìgbẹ́ lè máa jò sílẹ̀. Gbogbo ohun tó mú un wúlò láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹsàn-án ló ń di wàhálà nígbà tí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́: atẹ́gùn á máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ògiri rẹ̀ ò ní lè dá òtútù dúró, táyà rẹ̀ á sì dì mọ́ ilẹ̀.

Minnesota ní àríwá Amẹ́ríkà la fi ṣe òṣùwọ̀n nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ní Minneapolis, òru oṣù kìíní sábà máa ń tutù dé nǹkan bíi −14°C, ó sì ń burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ọjọ́. Ní ìlú Tower, lápá àríwá ìpínlẹ̀ náà, ó já sí −51°C ní February 2, 1996. Ẹni tó bá wà ní Wisconsin tàbí ìgbèríko New York lápá òkè lè lò ó bó ṣe wà. Ẹni tó ń sin adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé ní Manchester, òjò àti ẹrẹ̀ ló máa bá jà ju yìnyín lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ihò afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ kàn án gidi.

Ẹ jẹ́ ká ti yanjú ohun kan kí ẹnikẹ́ni tó gbé hámà. Ara adìẹ gbóná tó 41°C, ìyẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ aṣọ òtútù tó nípọn. Òtútù gbígbẹ kì í tètè dá a lágara. Ohun tó ń ṣe é ní jàǹbá ni òtútù tó bá ọ̀rinrin pàdé, àti atẹ́gùn tó ń fẹ́ wọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Ọyẹ́ ilé wa máa ń bẹ́ni létè, ṣùgbọ́n aṣọ tí a sá sínú rẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ. Irú òtútù bẹ́ẹ̀ la fẹ́ nínú ilé adìẹ. Ẹni tó bá fi àkísà dí gbogbo ihò, tó tún fi náílọ̀nù wé ilé náà yíká, mọ́ínmọ́ín ló ń sè. Omi tó ń jáde nínú èémí adìẹ àti nínú ìgbẹ́ wọn ò ní rí ọ̀nà bá jáde, á dì mọ́ àjà, á máa kán sí wọn lórí, ogbe wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

Ìgbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yẹ kó parí

Ilẹ̀ ibẹ̀ sábà máa ń dì gbagidi láàárín ìparí oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. Bó bá ti dì, èèkàn ò ní wọlẹ̀ mọ́, ilé tó bá sì wà nínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ló máa wà di ìgbà tí yìnyín bá yọ́. Nítorí náà, ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ẹ yẹ òrùlé wò, kí ẹ sì pààrọ̀ pákó tó bá ti jẹrà. Láàárín oṣù kẹwàá, ẹ ṣe ìsàlẹ̀ ilé, igi ìwọ̀ àti ihò afẹ́fẹ́. Kí àárín oṣù kọkànlá tó kọjá, ilé gbọ́dọ̀ ti gúnlẹ̀ síbi tí yóò wà di oṣù kẹrin.

Iye adìẹ àti irú wọn

Ilé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tó fẹ̀ ní 4, la ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà ooru, ó lè gba adìẹ méjìlá wẹ́rẹ́ nítorí òru nìkan ni wọ́n ń wọlé. Nígbà òtútù, wọ́n lè lo odindi ọjọ́ mẹ́ta láìjáde, nítorí náà mẹ́jọ ló tó. Mẹ́rin tó kù, ẹ mọ ohun tí ọdún Kérésì wà fún.

Bí ẹ bá fẹ́ yan irú adìẹ, ogbe ni kí ẹ wò. Leghorn ní ogbe gíga tó ń gba òtútù lọ́fẹ̀ẹ́. Ti Wyandotte lẹ̀ mọ́ orí. Chantecler, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Québec ní Kánádà nítorí òtútù gan-an, ogbe rẹ̀ ò ju bọ́tìnnì lọ. Èyí tó bá ṣì ń re ìyẹ́ ní ìparí oṣù kẹwàá, ẹ fún un ní oúnjẹ tí purotéènì rẹ̀ tó ìdá 18 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún títí ìyẹ́ tuntun yóò fi bo ara rẹ̀ tán.

Ibi tí ilé yóò gúnlẹ̀ sí

Láti ìhà ìwọ̀ oòrùn àríwá ni atẹ́gùn tó burú jù ti ń fẹ́ wá. Ẹ kọ ẹ̀yìn ilé sí i, kí ilẹ̀kùn àti fèrèsé kọjú sí gúúsù níbi tí oòrùn ọ̀sán ti lè wọlé. Ẹ wá ibi tí igi tàbí ilé ńlá ti dí atẹ́gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sún mọ́ ẹ̀yìn ọgbà onípákó tí kò ní àlàfo. Ibẹ̀ gan-an ni atẹ́gùn máa ń kó yìnyín jọ sí, ẹ lè jí lọ́jọ́ kan kí ẹ má rí ilẹ̀kùn mọ́.

Kí ilẹ̀ ibẹ̀ ga díẹ̀ kí omi má dúró nígbà tí yìnyín bá yọ́. Kí ó sì sún mọ́ ilé tiyín: ẹ̀yin lẹ máa gbé omi lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ nínú òkùnkùn, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún oṣù márùn-ún.

Ẹ fi jáàkì gbé igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ti búlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì bọ abẹ́ rẹ̀ títí táyà yóò fi kúrò nílẹ̀ ní íǹṣì kan. Bí kò bá ṣeé gbé, ẹ fi pákó nínípọn sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Táyà tó bá dì mọ́ ẹrẹ̀, tí ẹnì kan wá fi ọkọ̀ fà á, ààsì ló ń ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yí èèkàn onírin sílẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi bẹ́líìtì so ilé mọ́ ọn dan-in dan-in. Ilé tó fúyẹ́ tó láti tì, ó fúyẹ́ tó kí ìjì dojú rẹ̀ dé.

Abẹ́ ilé

Àlàfo abẹ́ ilé ni òtútù fi ń gun ìsàlẹ̀ wá. Ìdì pòròpòrò àlìkámà, èyí tí wọ́n fi okùn méjì dì, máa ń gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, nítorí náà mẹ́jọ sí mẹ́wàá yóò yí ilé wa ká. Ẹ tò ó mọ́ ẹsẹ̀ ògiri lóde, kí ó fún mọ́ra. Pòròpòrò ni kí ẹ rà, ẹ má ra koríko gbígbẹ tí màlúù ń jẹ. Ìyẹn tètè ń bu, ìbu rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró adìẹ jẹ́. Ẹ fi ìdì kan sílẹ̀ lápá gúúsù tó ṣeé fà yọ, kí ẹ lè máa fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ibẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èkúté fẹ́ràn ibi tó gbẹ tó sì móoru, ohun tó sì ń wá èkúté wá, bíi weasel, ẹran kékeré tó ń gba ihò íǹṣì kan kọjá, kì í fi adìẹ sílẹ̀ bó bá ti wọlé.

Ìsàlẹ̀ ilé àti ohun tí a ń tẹ́ síbẹ̀

Bó bá jẹ́ wáyà ló wà nísàlẹ̀, ẹ bò ó. Odindi pákó pẹlẹbẹ kan tó nípọn ní íǹṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin, tó fẹ̀ ní 4 sí 8, ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ilé wa. Ẹ gé e sí méjì kó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóòmù líle sábẹ́ rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí etí ibì kankan tó yọ síta: adìẹ á ṣá fóòmù jẹ bí ẹní rí ìkán.

Lórí pákó yìí, ẹ da èérún pákó tó ń jáde nígbà tí káfíńtà bá ń fá igi, kí ó jìn ní íǹṣì 6 sí 8. Lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń tú dà sílẹ̀ kò dára; eruku rẹ̀ pọ̀, ó sì ń di omi mú. Ẹ má pa gbogbo rẹ̀ dà títí ìgbà òtútù yóò fi parí. Ẹ máa fi ràkì tú u lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa bu tuntun kún un. Bí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, tí ẹ fún un, tó sì dì pọ̀ bí ẹ̀bà, omi ti pọ̀ jù níbẹ̀: ẹ kó apá yẹn dànù kí ẹ fi gbígbẹ dípò. Ó yẹ kó tú ká bí gààrí ìjẹ̀bú.

Igi ìwọ̀

Igi tí adìẹ ń wọ̀ sí lálẹ́ ló ń pinnu bóyá ìka ẹsẹ̀ wọn á yè. Igi róbótó tó rí bí ẹ̀ka máa ń jẹ́ kí ìka yọ síta. Pákó tí wọ́n ń pè ní 2×4 lọ́jà ni kí ẹ lò, kí apá tó fẹ̀ kọjú sókè, kí adìẹ lè jókòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí ìyẹ́ ikùn rẹ̀ bò ó pátápátá. Ẹ ro íǹṣì 10 fún adìẹ kọ̀ọ̀kan. Kí igi náà jìnnà sí ògiri ní íǹṣì 12, nítorí òru kò ní pẹ́ fi yìnyín wẹ́wẹ́ bo ara ògiri.

Nínú ilé tí inú rẹ̀ ò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, ẹ má gbé igi ìwọ̀ sókè púpọ̀. Íǹṣì 12 sí 14 lókè èérún pákó tó. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀ yìí.

Ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ igi náà láti gba ìgbẹ́ òru. Láàárọ̀, á ti dì gbagidi. Ẹ ti irin pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀, á sì ṣí kúrò lódindi, kò ní lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, kò ní rùn. Ìṣẹ́jú méjì niṣẹ́ yìí ń gbà. Púpọ̀ nínú ìgbẹ́ adìẹ jẹ́ omi, nítorí náà garawa kan tí ẹ gbé jáde kó tó yọ́, omi lẹ gbé kúrò nínú afẹ́fẹ́ ilé.

Ihò afẹ́fẹ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Òfin rẹ̀ ò le: ibi tó bá wà ní déédéé ara adìẹ àti nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ dí i, ibi tó bá ga ju orí wọn lọ, ẹ ṣí i. Afẹ́fẹ́ tó móoru tó sì kún fún omi máa ń gòkè, ó yẹ kó bá ọ̀nà pàdé lókè.

Fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 10 ilẹ̀ ilé, ó yẹ kí ihò afẹ́fẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kan. Ilẹ̀ ilé wa jẹ́ 32, nítorí náà a nílò díẹ̀ lé ní mẹ́ta. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti rí i ni kí ẹ gé àlàfo íǹṣì méjì ààbọ̀ sábẹ́ etí òrùlé, ní gbogbo gígùn ilé, lápá méjèèjì. Ìyẹn fún wa ní nǹkan bí 3.3. Kí etí òrùlé yọ síta tó láti dí yìnyín tó ń fẹ́ wá láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi wáyà tí ihò rẹ̀ kò ju ìlàjì íǹṣì lọ bò ó, kí ẹ fi skúrù àti wọ́ṣà dè é. Wáyà adìẹ tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, raccoon, ẹranko ìgbẹ́ kan tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ di nǹkan mú, á fà á ya.

Àlàfo tó wà láàárín orí adìẹ tó wà lórí igi àti ihò yìí gbọ́dọ̀ tó íǹṣì 8 ó kéré tán, 12 ló dáa jù. Ìdí nìyẹn tí igi ìwọ̀ fi gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ nínú ilé kékeré. Lápá àríwá, ẹ fi hínjì so pákó gígùn kan mọ́ òkè ihò, kí ẹ lè dá a dé ìdajì nígbà tí ìjì yìnyín bá ń jà. Ti gúúsù, ẹ má dé e láé.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Ẹ so tíṣù kan tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ igi ìwọ̀ lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Bó bá ń mì jùgbẹ̀jùgbẹ̀, atẹ́gùn ń ba adìẹ; ẹ wá ibi tó ti ń wọlé. Láàárọ̀, kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ wo gíláàsì fèrèsé. Bí omi tàbí yìnyín bá bo inú rẹ̀, ihò ò tó. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí imú yín dé ibi tí imú adìẹ wà. Bí ojú bá ń ta yín, tiwọn ti ń ta láti òru.

Òrùlé àti ọgbà ìta

Yìnyín fúyẹ́fúyẹ́ tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, bó bá yọ́, ó máa ń fún wa ní omi tó nípọn ní nǹkan bí íǹṣì kan. Lórí òrùlé tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 9, ìyẹn lé ní 100 kìlógíráàmù. Èyí tó bá rin omi tún wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bó bá ti tó íǹṣì 6, ẹ fi ìgbálẹ̀ onírun gbá a kúrò. Néètì tí ẹ ta sókè ọgbà ìta, ibi tí adìẹ ti ń rìn lọ́sàn-án, ló máa ń kọ́kọ́ já, nítorí náà ẹ tú u nínú oṣù kọkànlá, kí ẹ fi páànù tó dagun dípò rẹ̀. Òrùlé yìí tún ń dá ìgbẹ́ ẹyẹ ìgbẹ́ dúró. Nínú àjàkálẹ̀ àrùn ibà ẹyẹ ọdún 2015, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tòlótòló àti adìẹ ló lọ ní Minnesota. Ẹ má ṣe jẹ́ kí pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ bá adìẹ yín mu omi pọ̀.

Ẹ ta náílọ̀nù tó nípọn, tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, yí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ọgbà ká, kí ẹ fi íǹṣì 10 tó wà lókè sílẹ̀ gbayawu. Ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi kí ẹ tó kan ìṣó. Bí ẹ bá kan ìṣó mọ́ náílọ̀nù lásán, òru kan péré ni atẹ́gùn nílò láti fà á ya. Adìẹ kì í fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ yìnyín. Ẹ da pòròpòrò sílẹ̀, wọ́n á jáde.

Omi

Adìẹ mẹ́jọ máa ń mu omi lítà méjì sí mẹ́rin lóòjọ́. Bí omi bá dì fún wákàtí mélòó kan, wọn ò ní jẹun dáadáa, ẹyin á sì dáwọ́ dúró. Bí iná mànàmáná bá dé ibẹ̀, ẹ ra àwo tó ń mú omi gbóná fúnra rẹ̀, tí wọ́n ṣe fún adìẹ. Wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ṣe fún ìta, kí ojú ìsọ rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, kí ihò iná tó ti wá sì jẹ́ irú tó ń já fúnra rẹ̀ bí omi bá kàn án. Bí iná ò bá sí, ẹ ra abọ́ rọ́bà dúdú méjì. Ẹ gbé ọ̀kan lọ, ẹ mú ọ̀kan bọ̀. Ẹ da èyí tó dì dojú dé, ẹ fi bàtà tẹ ìdí rẹ̀, yìnyín á jábọ́ lódindi bí ẹ̀kọ tó bọ́ nínú ewé. Abọ́ onípáànù kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, oníke sì máa ń fọ́.

Bó bá ṣeé ṣe, inú ọgbà ìta ni kí omi wà, kó má sí nínú ilé tí wọ́n ń sùn.

Oúnjẹ

Oúnjẹ ayé-ẹyin tí purotéènì rẹ̀ jẹ́ 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó wà níwájú wọn ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Wọ́n á jẹ ju ti ìgbà ooru lọ. Wákàtí kan kí wọ́n tó wọ̀, ẹ fọ́n ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àgbàdo fún gbogbo wọn. Ẹ má lé e ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rá ló ń dà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni òkúta wẹ́wẹ́: yìnyín ti bo ilẹ̀, adìẹ ò rí òkúta ṣà mọ́, iwe wọn ò sì ní ohun tí yóò fi lọ àgbàdo. Ẹ bù ú sínú agolo lọ́tọ̀. Ẹyin tó bá dì á là, nítorí náà ẹ máa kó o lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Iná àti ooru

Ẹ má gbé gúlóòbù amóoru, irú oní-250 wáàtì, sínú ilé yìí. Pákó gbígbẹ, èérún pákó, eruku ìyẹ́, gúlóòbù tó fi okùn rọ̀: bí adìẹ kan bá fò kàn án, gbogbo rẹ̀ ti jóná kí ẹ tó rí bàtà wọ̀. Bí iná ò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí mànàmáná bá lọ ní −25°C, adìẹ tí ooru ti mọ́ lára ló máa kọ́kọ́ kú.

Ìmọ́lẹ̀ fún ẹyin yàtọ̀ sí èyí. Ní oṣù kejìlá, ojúmọ́ Minneapolis ò tó wákàtí mẹ́sàn-án, adìẹ sì nílò nǹkan bíi mẹ́rìnlá láti máa yé dáadáa. Gúlóòbù LED kékeré kan tó, pẹ̀lú táímà. Àárọ̀ kùtù ni kó máa tàn. Bó bá jẹ́ alẹ́ tó sì kú lójijì, adìẹ tí kò tíì wọ̀ ò ní rí igi mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n sinmi lè fi èyí sílẹ̀ pátápátá.

Bí òtútù bá jẹ ogbe

Ẹnu ogbe á kọ́kọ́ funfun tàbí kó rí bí eérú, á wú, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á dúdú. Ẹ má ra á lọ́wọ́, ẹ má sì gbé e síwájú ẹ̀rọ amúlégbóná. Ẹ gbé adìẹ náà wọ ibi tí kò tutù púpọ̀, kí ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, nǹkan bíi 38 sí 40°C, bo ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má dá a padà sí òtútù lọ́jọ́ náà, nítorí èyí tó bá tún dì lẹ́ẹ̀kejì á burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má gé ibi tó dúdú; òun ló ń dáàbò bo ẹran abẹ́ rẹ̀, á gbẹ, á sì já fúnra rẹ̀. Fasilíìnì tí ọ̀pọ̀ ń fi pa ogbe kì í ṣe nǹkan púpọ̀. Ẹ padà lọ wo ihò afẹ́fẹ́.

Nígbà tí yìnyín bá ń yọ́

Láti àárín oṣù kẹta, ọ̀sán á máa yọ́, òru á máa dì, ilẹ̀ á sì di ẹrẹ̀. Ẹ má tíì fa ilé kúrò. Ẹ kọ́kọ́ kó ìdì pòròpòrò dànù, torí wọ́n ti mu omi yó. Ẹ ko èérún pákó jọ sí ẹ̀yìnkùlé kó jẹrà di ìlẹ̀dú. Kò tíì yẹ ẹ̀fọ́ ọdún náà. Nígbà tí ẹsẹ̀ yín ò bá rì mọ́ bí ẹ bá tẹ ilẹ̀, ẹ fẹ́ táyà, ẹ fi gíríìsì sí ààsì, ẹ sọ búlọ́ọ̀kù kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, igun sí igun. Pákó ìsàlẹ̀ méjèèjì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, kí ẹ sì fi ọ̀dà kọ «òsì» àti «ọ̀tún» sí i kí ẹ tó gbé e pamọ́ sí ibi gbígbẹ.